Ẹ fẹ́ kó kúrò nílé, àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì yín ò sì tíì parí?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé sábà máa ń jẹ́ oṣù 18 tàbí 24. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò kó tó pé, àdéhùn náà ò kú. Ẹ má kàn dá owó dúró ní báńkì o! Gbèsè ló máa dà, ó sì lè dí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yáwó.

Ó kéré tán, ẹ pe iléeṣẹ́ náà ní oṣù kan ṣáájú ìkólé. Tí wọ́n bá lè gbé e lọ sílé tuntun, ẹ béèrè bóyá àdéhùn tuntun ló máa bẹ̀rẹ̀. Tí wáyà wọn ò bá débẹ̀, wọ́n ṣì lè ní kẹ́ ẹ san owó ìtanràn. Ẹ mọ iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé, kẹ́ ẹ sì dá router wọn padà.