Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má jẹ́ kí gíráàfù tàn yín jẹ

Fóònù ọwọ́ lásán ti tó láti ya gíráàfù tó ń fi bí ọjà ṣe ń tà hàn. Àwọn oníṣòwò kan ń mú un lọ sí báǹkì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n bá fẹ́ yáwó, àwọn mìíràn sì ń wò ó kí wọ́n tó pinnu iye ọjà tí wọ́n máa kó. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá yà á dáadáa, ẹni tó ń pàdánù lè máa rò pé òun ń jèrè.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí òpó inú gíráàfù má bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ká ní alágàrí kan n'Ìjìó, lágbègbè Òkè-Ògùn, ta àpò 90 lóṣù kìíní, tó sì ta 100 lóṣù kejì. Tó bá bẹ̀rẹ̀ àwòrán rẹ̀ láti 80, òpó oṣù kejì máa ga ní ìlọ́po méjì ti oṣù kìíní, bẹ́ẹ̀ àpò mẹ́wàá péré lọjà rẹ̀ fi lé sí i. Ẹni tó bá torí irú àwòrán yìí yáwó kó ọjà rẹpẹtẹ lè jẹ gbèsè.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn ya àwòrán àpò dípò òpó. Tí ọjà bá di ìlọ́po méjì, tí wọ́n wá fa àpò náà gùn ní ìlọ́po méjì, tí wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni ojú máa rí. Ẹ jẹ́ kí àpò náà wà bó ṣe wà, kẹ́ ẹ kàn yà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta ló léwu jù: kéèyàn máa ya náírà nìkan. Alágàrí tó ta àpò 100 lọ́dún tó kọjá ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù méjì náírà ló pa. Tó bá ta 80 péré lọ́dún yìí ní ₦30,000, ó pa mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó. Gíráàfù náírà ń gòkè, ṣùgbọ́n àpò tó ń tà ń dín kù. Ẹ ya ti náírà lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ya ti àpò lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kí òṣùwọ̀n yí padà láìsí àmì. Ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ní December 2024. Nígbà tí wọ́n kéde ti January 2025, ó ti di 24.48. Kì í ṣe pé ọjà ṣàdédé rọ̀. Àjọ náà ló pààrọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń díwọ̀n, láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún ètò àwọn ọjà tí wọ́n ń kà tò. Ẹni tó bá fi ìlà kan ṣoṣo so nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ ti ṣi aráàlú lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún oníṣòwò tó ń fi kóńgó ka ọjà tẹ́lẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò kà á. Ẹ fa ìlà síbi tí òṣùwọ̀n ti yí, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé gíráàfù yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ohun tí ojú rí kò bá bá ohun tó wà nínú ìwé mu, ẹ tún un yà.