Bí Òní Ti Rí, Ọ̀la Kì í Rí Bẹ́ẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ìhágún Tí A Kò Tún Wò

Àwọn àgbà ní, "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún." Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn òwe yẹn. Ọrún ni ọjọ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń kà á, tí wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọrọọrún ni ọrún kọ̀ọ̀kan. (Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àmì ohùn sí i títí ó fi di "ọ̀run" ti gbé babaláwo lọ sí ibi tí kò rán an.) Babaláwo tí ó dífá lónìí kì í sọ pé ó parí. Yóò tún dá a ní ọrún tí ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ogún ni mo fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ Yewa níhìn-ín, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, àwọn ẹbí tí ó gbà pé kí baba tàbí ìyá sọ bí a ó ti pín ohun ìní rẹ̀ kí ó tó kú ń pọ̀ sí i. Èyí dára, nítorí ikú kò dọ́jọ́, àrùn kò dóṣù. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ìwé ìhágún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí, ogún ọdún á sì kọjá lórí rẹ̀. Láàrin ogún ọdún, ọmọ á ti bí ọmọ, aya mìíràn á ti wọlé, ilẹ̀ á ti yí padà. Ìwé inú àpótí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àṣà wí. Bí ọkùnrin bá kú láìsọ nǹkan kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ni ogún, lọ́kùnrin lóbìnrin; aya kì í jogún ọkọ. Ọ̀nà méjì ni a fi ń pín in. Ìdí-igi ni kí a pín in sí iye aya tí ó bímọ fún olóògbé. Orí-ò-jorí ni kí a pín in sí iye ọmọ. Ẹjọ́ kan wà ní Èkó tí àwọn amòfin ń pè ní ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, lórí ogún ọkùnrin kan tí ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní orí-ò-jorí ni ó bá ayé òde òní mu. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà yí ìdájọ́ náà padà ní 1958. Ní 1962, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù fara mọ́ ọn pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá dé tí ó sì rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kan, tí orogún rẹ̀ bí márùn-ún, ìdajì ogún ni ti ọmọ kan yẹn. Baba tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó sọ ọ́. Bí ó bá sì sọ ọ́ nígbà tí aya rẹ̀ jẹ́ méjì, kí ó tún un sọ nígbà tí wọ́n bá di mẹ́ta.

Ilẹ̀ ni ó máa ń sọ ìwé àtijọ́ di ìjà jù lọ. Ẹ fi ojú inú wo baba kan tí ó pín oko rẹ̀ ní 1990. Ó fún àkọ́bí ní oko kòkó, nítorí pé kòkó ni owó nígbà náà. Ó fún àbígbẹ̀yìn ní pápá ẹ̀gẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ Ibese, tí ẹnikẹ́ni kò ka sí. Ní 2012, iléeṣẹ́ símẹ́ńtì Dangote ṣílẹ̀kùn ní Ibese. Igi kòkó ti gbó lákòókò yẹn, pápá ẹ̀gẹ́ sì ti di ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè. Baba yẹn rò pé òun fi àgbà fún àgbà. Ìwé rẹ̀ ṣe òdìkejì. Bí ó bá ṣì wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ ni àtúnṣe wà. Bí kò bá sí, ta ni yóò bá wọn ṣe é? Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹbí ní Ìlaròó. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Pólì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1979, yàrá tí a fi í sílẹ̀ fún àlejò ti di yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó rẹ̀. Ìwé tí ó kàn sọ pé "kí gbogbo ọmọ máa gbé inú ilé" kò sọ ẹni tí yóò gba owó náà.

Ẹ kọ èyí tí a fi dógò sílẹ̀ pẹ̀lú, àti ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún yín. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ jọ pààlà, kì í ṣe "níbi pèrègún" nìkan. Pèrègún kì í sọ̀rọ̀ ní kóòtù, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tí ó mọ ẹni tí ó gbìn ín ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ nílẹ̀, gbígbọ́n ni í gbọ́n.

Ní ti òfin, èyí tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní òpin àwọn ọdún 1950 ni ìpínlẹ̀ Ògùn bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976. (Odò Ògùn ni ó fún ìpínlẹ̀ wa lórúkọ o, kì í ṣe ogún.) Ẹni tí ó ti kọ ìwé ìhágún, tí ó wá bá obìnrin tí kì í ṣe aya rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ìgbéyàwó kóòtù, ìwé náà ti kú, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò pa á. Ẹ má ṣe fi gègé fa ìlà lórí orúkọ ọmọ kan kí ẹ kọ ti òmíràn síbẹ̀: bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì, asán ni. Ẹlẹ́rìí yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìwé náà fún ní nǹkan, tàbí ọkọ tàbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí yóò pàdánù ìpín rẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí kò sì ṣeé há fún ẹnikẹ́ni bí ẹni pé tèmi nìkan ni. Mùsùlùmí tí ó fẹ́ kí ogún òun tẹ̀lé ẹ̀sìn rẹ̀, kí ó wí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, nítorí ìpín tí Kùránì là sílẹ̀ kì í ṣe ìdí-igi, kì í ṣe orí-ò-jorí.

Báǹkì ńkọ́? Orúkọ ìbátan tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn kò sọ ẹni náà di àrólé. Ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́ gíga ni báǹkì yóò béèrè.

Àwa ará ẹnubodè ní ẹrù tiwa lọ́tọ̀. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàrin wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní, ẹbí kan náà lè ní oko ní Ìmẹ̀kọ kí ó ní ilé ní Kétu. Ní 2004, orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin ẹbí tuntun. Nínú òfin yẹn, àwọn ọmọ ń pín ogún dọ́gba-dọ́gba, ọkọ tàbí aya tí ó ṣẹ́ kù ní ìpín, àṣà kò sì ní agbára òfin mọ́ lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí-igi tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ kò rí ibi fẹsẹ̀ lé ní Kétu. Bí baba yín bá ti ṣètò ilé Kétu ṣáájú 2004, tí ó sì ṣì ń bẹ, ẹ bá a wá amòfin ti ọ̀hún, kí ó tún un wò.

Ìgbà wo ni kí a máa wò ó? Ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ará Èkó àti ti òkè-òkun bá wálé, ni mo rò pé ó dára jù. Kí baba tàbí ìyá béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: ta ni a bí, ta ni ó kú, ta ni ó gbéyàwó, kí ni mo rà, kí ni mo tà? Bí ìdáhùn kan bá ti yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá, kí ó kàn sí agbẹjọ́rò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé tuntun ni wọ́n kọ, kí ó sọ gbangba pé òun pa ti ìṣáájú rẹ́, kí wọ́n fi í pamọ́ sí ilé-ẹjọ́ gíga, kí ó kéré tán ẹni méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó wà.