Nọ́ọ̀sì mélòó ló wà ní wọ́ọ̀dù lóru òní?

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà, NANNM, gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní 30 oṣù Keje ọdún 2025, tí wọ́n sì dá a dúró ní 2 oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. Ẹ̀bẹ̀ kan wà nínú ìwé wọn tí kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀: kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i. Kó gba mélòó? Òfin Ètò Ìlera ti 2014 kò sọ iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ tọ́jú kọjá.

Àwọn ìlú tó ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í ka orúkọ inú ìwé owó oṣù. Ẹni tó wà lórí ìdúró ní wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n ń kà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò náà gbọ́.

Ká ní ọsibítù kan ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ọ̀ṣun, fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tọ̀sán tòru. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe wákàtí 40, ẹni mẹ́rin kò tó: wákàtí mẹ́jọ ṣì ṣẹ́ kù. Ẹ wá fi ìsinmi ọdún, ìsinmi ìbímọ àti ọjọ́ àìsàn kún un, ó di bí ẹni márùn-ún. Owó oṣù ẹni márùn-ún ló ń mú kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nítorí náà, ọsibítù tó ní nọ́ọ̀sì mẹ́wàá, ẹni méjì ló ní, fún gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́wàá náà bá rí ìwé àṣẹ wọ ìlú Ọba, òru mìíràn ń bọ̀ tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Òru ló sì le jù. Lọ́pọ̀ ọsibítù wa, aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ ni. Bí aboyún bá ń rọbí ní yàrá kan, tí dírípù ẹlòmíràn ń tán lọ ní yàrá kejì, ìyá tàbí àbúrò aláìsàn ló máa ń ké pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tán o!” Ẹbí ti di òṣìṣẹ́ tí kò gba kọ́bọ̀.

California ló kọ́kọ́ sọ iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ tọ́jú kọjá dòfin ní Amẹ́ríkà, ní 1999. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Láti 2005, aláìsàn márùn-ún ni òpin fún nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, méjì péré ní ti àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. “Nígbà gbogbo” ni òfin náà wí, kódà bí nọ́ọ̀sì bá lọ jẹun, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró fún un. Àwọn ọsibítù gbé gbólóhùn yẹn lọ sílé ẹjọ́, wọn ò borí.

Ìwádìí Linda Aiken ní Pennsylvania, tó jáde ní 2002, rí i pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì ń fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yóò kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Amẹ́ríkà nìyẹn o. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bákan náà ni yóò rí ní Ìgbómìnà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, bí Ọ̀ṣun bá gbé iye ti California kalẹ̀ lónìí tí wọ́n sì tẹ̀ lé e, ibùsùn ni wọn yóò tì pa, ará Ọ̀ra tàbí Òkè-Ìlá á wá máa gbé aláìsàn lọ Òṣogbo. Òfin Wales ti 2016 ló jọ mí lójú. Kò dá iye kan. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló ń ṣírò iye tó yẹ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí òfin náà kàn, gẹ́gẹ́ bí àìsàn ṣe le tó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ ọ́n. Pátákó tí a kọ iye yẹn sí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kò ní mú nọ́ọ̀sì kankan wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọ iye tó wà lórí ìdúró síbẹ̀ lóròòru, nígbà tí ilé aṣòfin ní Òṣogbo bá ń jókòó lórí ètò ìsúnná, wọn yóò ní àkọsílẹ̀ òru kọ̀ọ̀kan níwájú wọn, kì í ṣe orúkọ inú ìwé owó oṣù nìkan.