Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ayùn orí tábìlì olówó pọ́ọ́kú tó rà?

Ó tó rà, bí àléébù ara rẹ̀ bá ṣeé tún ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wo irin gbọọrọ tí pákó máa ń fara tì. Kì í sábà dúró gún lára àwọn olówó pọ́ọ́kú. Ẹ fi téèpù wọn àlàfo àárín rẹ̀ àti abẹ ayùn níwájú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá fún ju iwájú lọ, pákó á há, ayùn á sì ta á padà sí yín níkùn. Eré kọ́!

Abẹ tó bá a wá ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fún abẹ íǹṣì 10, eyín 24 ló dáa fún lílà pákó ní gígùn. Fún pílíwúùdù, ẹ wá eyín 60 sókè.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ ayùn náà kúrò nínú iná, kí ẹ fọwọ́ yí abẹ rẹ̀ wò. Bí ọ̀pá tó gbé e bá ti wọ́, ẹ máa bá tiyín lọ. Ayùn tí kò ní irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn abẹ, tí kì í jẹ́ kí pákó pa dé mọ́ ọn, ẹ má tilẹ̀ ná an.

Ayùn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò rẹ̀. 120V ni púpọ̀ wọn, 230V sì ni iná Nàìjíríà. Láìsí tiransifọ́mà, mọ́tò á jó.