Ta Ló Pa Saturn?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, àwọn ènìyàn bí 40,000 wa ọkọ̀ láti orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Amẹ́ríkà lọ sí Spring Hill, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti to ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sì bọ àwọn tó tò ó lọ́wọ́. Saturn ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni. Nígbà tó dé ọjà lóṣù Kẹwàá 1990, èyí tí owó rẹ̀ rọjú jù nínú wọn kò pé 8,000 dọ́là. A mọ àwọn tó máa ń rìnrìn àjò nítorí Ferrari tàbí alùpùpù Harley-Davidson, ṣùgbọ́n ta ló ń forí la ọ̀nà jíjìn nítorí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé? Ọdún mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn ìpàdé yẹn, General Motors (GM) ti ilẹ̀kùn Saturn pa. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ọkọ̀ náà kò mú èrè wá, owó ló sì pa á. Mo gbà pé owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé òun ni apààyàn. Ìlò ọmọlúàbí ni àwọn oníbàárà Saturn sanwó fún. GM fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìlò náà kúrò lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó gbà á tán ni ọjà kú.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn ará Amẹ́ríkà yíjú sí ọkọ̀ kékeré tí kì í jẹ epo, ọwọ́ àwọn ará Japan ni èyí tó dára nínú rẹ̀ sì wà. Honda àti Toyota ń tà bí ọjà àjọ̀dún. GM, tó tóbi ju gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lágbàáyé lọ nígbà náà, kò rí èyí tó lè bá tiwọn figagbága ṣe. Ní 1984, wọ́n kó ènìyàn 99 jọ, àwọn ọ̀gá GM àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW pọ̀, kí wọ́n wádìí bí a ṣe lè tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1985, Roger Smith, alága GM, dá Saturn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó dá dúró, tó ní ibi ìtọkọ̀ tirẹ̀, àwọn olùtajà tirẹ̀, àti àdéhùn òṣìṣẹ́ tí irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn nínú GM. Don Ephlin, igbákejì ààrẹ UAW, ló dúró gbọn-in ti àdéhùn yìí láti ìhà òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà kí apá kan owó wọn dá lórí bí iṣẹ́ bá ti dára tó. Ilé iṣẹ́ náà gbà pé òun kò ní lé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kúrò nígbà tí ọjà bá dẹ̀. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje 1990, Roger Smith àti Owen Bieber, ààrẹ UAW, jọ jókòó sínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Ó yẹ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e: nígbà tí Robert Stempel, alága tuntun, ṣàbẹ̀wò sí Spring Hill, àwọn òṣìṣẹ́ so aṣọ dúdú àti olómi-ọsàn mọ́ apá láti fi ẹ̀hónú hàn, nítorí wọ́n rí i pé wọ́n ń fipá mú wọn to ọkọ̀ púpọ̀ sí i kí ó tó dára tán. Owó oṣù kọ́ ni wọ́n ń jà fún, bí kò ṣe pé kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má bàjẹ́.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn olùtajà ni ọ̀rọ̀ náà ti lárinrin jù. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tí kò mọ ọjà ná, nítorí náà ó lè yà wá lẹ́nu pé ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kórìíra jù nípa ọkọ̀ rírà ni kí wọ́n ná an. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun mìíràn tí wọ́n ń rà ló ní iye kan. Ní ti ọkọ̀, olùtajà máa ń lọ “bi ọ̀gá” lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá ènìyàn lóhùn, tí ẹni tó bá lẹ́nu jù yóò sì sanwó kéré jù. Saturn pa gbogbo ìyẹn tì. Iye tó wà lára ọkọ̀ ni iye rẹ̀, fún ọ̀gá àti fún ọmọ ọ̀dọ̀. Wọn kò jẹ́ kí owó olùtajà dá lórí iye tó bá rí gbà lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Bí ọkọ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tí o kò sì tíì wà á kọjá 1,500 máìlì, o lè dá a padà. Lọ́jọ́ tí o bá gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà nílé ìtajà á pagbo yí ọ ká, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò rẹ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ. Ẹnì kan lè ní iye àìyípadà ń fi ẹ̀tọ́ ẹni tó mọ ọjà ná dù ú. Ṣùgbọ́n ọjà níná máa ń dọ́gba nígbà tí ẹni méjèèjì bá mọ ohun tí ọjà náà tó. Ní 1991 gan-an, Ian Ayres, onímọ̀ òfin, gbé ìwádìí kan jáde tó ṣe ní Chicago: ó rán àwọn ènìyàn lọ ná ọkọ̀ kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni wọ́n dín owó kù fún jù. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n bu owó tó ga jù lọ fún. Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, iye kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn ju ìrọ̀rùn lásán lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí àṣìṣe bá wáyé, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ olóòótọ́ oníṣòwò. Ní 1991, omi rédíétọ̀ tí kò dára wọ inú ọkọ̀ Saturn tó lé ní 1,800, ó sì lè ba ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́. Dípò kí wọ́n fọ rédíétọ̀ kí wọ́n sì bẹ oníbàárà, wọ́n gba ọkọ̀ náà padà, wọ́n fún olúkúlùkù ní tuntun. Ní 1993, wọ́n rí i pé wáyà kan lè gbiná, wọ́n sì pe ọkọ̀ bí 350,000 padà fún àtúnṣe. Àwọn ilé ìtajà dáná ẹran síta, wọ́n ń fún oníbàárà ní oúnjẹ, wọ́n ń bá wọn fọ ọkọ̀ nígbà tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìpolówó sọ pé ọgbọ́n Hal Riney àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní San Francisco, tó ń ṣe ìpolówó Saturn, ló dá ìfẹ́ yìí sílẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ìpolówó lè mú ènìyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Kò lè mú un dákẹ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ gbiná. Nínú ìwádìí ilé iṣẹ́ J.D. Power ti ọdún 1992 lórí ìtẹ́lọ́rùn àwọn oníbàárà, Lexus àti Infiniti nìkan ló ṣíwájú Saturn, ọkọ̀ olówó ńlá sì ni àwọn méjèèjì.

Àwọn tó ní Saturn kò sì fọ́jú sí àléébù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń kùn bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì bó ṣe ń dàgbà. Ike ni ara ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti búùtù nìkan ló jẹ́ irin. Nítorí pé ike máa ń fẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n fi àlàfo gbooro sí àárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, èyí tó máa ń dà bí iṣẹ́ tí kò parí lójú ẹni tó bá wá láti ìdí Honda. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ ẹrù ilé ìtajà bá gbá ilẹ̀kùn ọ̀hún, á tẹ̀ wọlé, á sì tún yọ padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ohun tí àwọn tó ń bá aládùúgbò pín ibi ìgbọ́kọ̀sí fẹ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n rà, wọ́n sì fara mọ́ àléébù rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó tà á fún wọn kò ní sá.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 1994, Saturn ta ọkọ̀ bí 286,000, iye tí kò tún kàn mọ́ láéláé. Àwọn tó ra ti 1991 ti ń bímọ, wọ́n fẹ́ ọkọ̀ tó tóbi jù ú, wọ́n sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ Saturn. Kò sí. Àwọn ẹ̀ka GM tó kù ń kùn pé ọmọ tuntun ń jẹ oúnjẹ àwọn. Nínú UAW, Stephen Yokich, tó di ààrẹ ní 1995, kò fẹ́ àdéhùn Spring Hill rárá. Títí di 1999, ọkọ̀ kékeré kan náà ni Saturn ń tún kùn tà. Èyí tó tóbi tó wá dé nígbẹ̀yìn jẹ́ Opel ti ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n pa láró, Delaware ni wọ́n sì ti tò ó, kì í ṣe Spring Hill. Nígbà tó fi máa di ìparí 2003, àdéhùn pàtàkì àwọn òṣìṣẹ́ ti di ohun ìgbàgbé. Ion, tó rọ́pò ọkọ̀ àkọ́kọ́, ló sọ gbogbo rẹ̀ di gbangba. Láti 2001, kí Ion tó dé ọjà, àwọn ẹnjiníà GM ti rí i pé sùwíìṣì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń yí kúrò láyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó lè pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà, tí kò sì ní jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ yọ nígbà ìjàǹbá. Ó di 2014 kí GM tó pe ọkọ̀ bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ padà, Ion wà lára wọn, Saturn alára sì ti kú. Àwọn tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú tí GM yà sọ́tọ̀ gbà pé ènìyàn 124 ni àléébù náà pa. Ilé iṣẹ́ tó fún ènìyàn ní ọkọ̀ tuntun nítorí omi rédíétọ̀ ní 1991 àti èyí tó dákẹ́ lórí sùwíìṣì yìí, orúkọ kan náà ló wà lára ọkọ̀ wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ èrè. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là wọ Saturn, òótọ́ sì ni pé 1993 nìkan ló jèrè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan ṣoṣo san owó ilé iṣẹ́ tuntun àti ilé ìtajà tuntun padà. Orí ọkọ̀ ńlá ni èrè wà, òun gan-an ni wọ́n fi dù ú. Nígbà tí Aura àti Outlook, àwọn Saturn tó tóbi tó sì dára lóòótọ́, fi máa dé ní 2006, àwọn oníbàárà àtijọ́ ti lọ sọ́dọ̀ Toyota àti Honda. Ní oṣù Kẹfà 2009, GM lọ sílé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Roger Penske, oníṣòwò ọkọ̀ kan, ṣe tán láti ra Saturn, ṣùgbọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó yọwọ́ nígbà tí kò rí ilé iṣẹ́ tí yóò máa bá a to ọkọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá 2010, ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ní Saturn kò le láti kà: kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ wọn lọ fún àtúnṣe lọ́dọ̀ àwọn olùtajà Chevrolet, Buick, GMC àti Cadillac, ọ̀dọ̀ àwọn tí púpọ̀ nínú wọn ti sá kúrò nígbà tí wọ́n lọ ra Saturn.