Ìjókòó Tí Wọ́n Tú Tí Wọn Ò Dá Padà

Ẹni tó bá ti dúró rí lẹ́nu ọgbà mẹkáníìkì l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn á ti rí bí wọ́n ṣe ń sọ bọ́ọ̀sì akẹ́rù di dáńfó. Bọ́ọ̀sì náà á ti òkè òkun dé, Volkswagen láti Jámánì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dí pa láìní fèrèsé, inú rẹ̀ ṣófo láti ẹ̀yìn awakọ̀ títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Páńẹ̀lì-bítà á fi ẹfun sàmì sí irin, á gé e, fèrèsé á yọ. Wẹ́dà á jó ẹsẹ̀ ìjókòó mọ́lẹ̀, ìlà kan á tẹ̀lé òmíràn, títí tí orúnkún èrò ẹ̀yìn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ á dúró tì wọ́n, ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu rẹ̀: èrò mélòó ló máa gbà? Gbogbo irin tí wọ́n gé, gbogbo èyí tí wọ́n jó pọ̀, tìtorí ìbéèrè yẹn ni.

Àwọn kan wà ní Jámánì kan náà yẹn tí wọ́n ń tú ìjókòó, tí wọ́n ń gé irin, tí wọ́n ń jó o, ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ọkọ̀ tó wà níwájú wọn lè jẹ́ BMW M3 onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tó jáde ní 1994, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní E36. Ọkọ̀ gidi ni: agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ẹṣin 286, ó ní rédíò, ó ní kápẹ́ẹ̀tì, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba àgbàlagbà dáadáa. Wọ́n á tú ìjókòó ẹ̀yìn yẹn síta, wọn ò sì ní fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ò bìkítà nípa ohun tó máa gbà. Ohun tó ń béèrè ni pé: kí ni mo tún lè yọ kúrò?

Ibi tó ń gbé e lọ ló fa ìbéèrè náà. Ní àwọn òkè Eifel, ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì, wọ́n ṣí pápá ìsáré ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Nürburgring ní 1927. Apá àríwá rẹ̀, Nordschleife, gùn tó kìlómítà 20.8, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ́ wọnú igbó, ó ń lọ́ jáde, kọ́nà rẹ̀ sì lé ní 70. Níbẹ̀ ni iná ti jó Niki Lauda nínú ọkọ̀ Formula 1 rẹ̀ ní 1976. Láti ọdún yẹn ni ìdíje Formula 1 ò ti lọ sórí Nordschleife mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa ibẹ̀ ni pé ará ìlú lè wakọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó bá ní ìwé ìwakọ̀ àti ọkọ̀ tó tọ́ sí títì lè sanwó lẹ́nu géètì kó wọlé. Òfin ojú pópó Jámánì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: apá òsì nìkan ni wọ́n ti ń ya ara wọn sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi ọkọ̀ gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló máa sanwó irin náà. Àwọn pápá mìíràn náà ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún irú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìdíje, kò sí ife-ẹ̀yẹ; lọ́pọ̀ ibẹ̀, èèwọ̀ ni kí èèyàn tiẹ̀ máa fi aago wọn eré ara rẹ̀. Awakọ̀ kàn fẹ́ mọ ibi tí agbára ọkọ̀ òun mọ ni, níbi tí ọmọdé kankan ò ti lè já sí títì, tí kò sí ọkọ̀ tó ń kọjú bọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi owó wọn ra ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù. Ojú ọ̀nà tó tọ́ ni ẹ́ńjìnnì tó lágbára ti ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí kọ́nà bá dé, ìnira ló ń dà, torí gbogbo eré tó kó wá ni bíréèkì gbọ́dọ̀ pa. Ìwúwo tí a bá yọ kúrò ń ṣeni láǹfààní nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, nígbà tó bá ń dúró, àti nígbà tó bá ń yí. Ẹ wò ó: eré kìlómítà 180 ní wákàtí kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 60, ṣùgbọ́n ooru tí bíréèkì máa gbà kí ọkọ̀ tó dúró jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. M3 yẹn wúwo tó nǹkan bíi 1,460 kílò. Bí a bá rí 146 kílò yọ nínú rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ooru náà ti lọ, ní kọ́nà gbogbo, láìfọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Táyà náà ní tirẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń di ilẹ̀ mú sí i, ṣùgbọ́n bí ẹrù ṣe ń pọ̀ tó kọ́ ni dídì náà ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó fúyẹ́ fi lè yí kọ́nà ní eré tó máa gbé ọkọ̀ tó wúwo ju sínú koríko.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1963, Lotus ti Colin Chapman ní England mú Ford Cortina, ọkọ̀ ìdílé lásán, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tiwọn sí i, wọ́n sì fi àlùmíníọ́ọ̀mù ṣe ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdérí búùtù rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ni Jim Clark fi gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ọkọ̀ sàlúùnù ilẹ̀ Britain. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà káàkiri, táyà iwájú kan gbéra nílẹ̀ nínú kọ́nà. Ní 2003, BMW fúnra wọn ṣe M3 onílẹ̀kùn méjì kan tó ń jẹ́ CSL: òrùlé carbon fibre, gíláàsì tín-ín-rín lẹ́yìn, wọ́n yọ rédíò, wọ́n yọ ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì fi 110 kílò fúyẹ́ ju M3 ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ wá ga ju ti èyí tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ pé lọ. Ẹni tó bá ti ná tokunbo rí, tó ti tìtorí ẹ̀rọ amúlétutù tí kò tutù já owó ọkọ̀ wálẹ̀, á ní láti ronú lé èyí lórí díẹ̀.

Ẹni tí kò ní owó CSL ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀, nínú gáréèjì ilé, ní òpin ọ̀sẹ̀. Òṣùwọ̀n wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá tú ló ń gbé lé e, tó ń kọ iye kílò rẹ̀ sínú ìwé: èkísírà táyà, jáàkì, ìjókòó ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, sípíkà. Ìjókòó iwájú tó ń fi iná sún síwá sún sẹ́yìn wúwo gan-an, torí mọ́tọ̀ àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń di awakọ̀ mú ṣinṣin ní ìbàdí àti èjìká. Bátìrì olójé tó lè tó 20 kílò á fàyè sílẹ̀ fún ti lithium tí ọwọ́ kan lè gbé.

Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ti kúrò, ọ̀dà á yọjú. Ilé-iṣẹ́ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí ariwo táyà má baà wọlé. Ó le, ó tún ń fà, ọ̀bẹ ò lè hú u. Ẹni tó bá fi iná sí i á kàn sọ gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú ni. Yìnyín gbígbẹ ni wọ́n ń lọ rà, èyí tí wọ́n fi carbon dioxide ṣe, tó tutù tó ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 78 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí pé èéfín rẹ̀ lè gba atẹ́gùn mọ́ èèyàn nímú, wọ́n á dà á sórí ọ̀dà, wọ́n á sì dúró. Òtútù á mú irin sún kì, ọ̀dà á gan. Láìpẹ́, ẹ ó máa gbọ́ tó ń ta páú, páú, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Hámà kékeré ló kù. Wọ́n á máa lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ṣà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin mímọ́ á hàn lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn apá iṣẹ́ yìí púpọ̀, torí sùúrù ló ń ṣe é.

Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tó yẹ kóun ti bẹ̀rẹ̀, bíréèkì ni mo máa dárúkọ ṣáájú ìjókòó àti ọ̀dà. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 230 bó bá jẹ́ tuntun. Bó bá ti mu omi, ó lè máa hó láti 155. Lójú títì ojoojúmọ́, ọdún lè yípo kéèyàn má mọ̀. Lórí pápá, kọ́nà díẹ̀ ti tó láti fi hàn. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wọlé lọ títí dé ilẹ̀ láìbá ohunkóhun pàdé, torí ọ́ìlì tó wà nínú páìpù ti hó, ó ti di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fún pọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nítorí náà, ọ́ìlì tuntun, páàdì tó lè fara da ooru, táyà tó dáa: ibẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n bá sì jáde kúrò lórí pápá, wọn kì í fa háńdì-bíréèkì, nítorí pé páàdì tó gbóná lè lẹ̀ mọ́ dísìkì. Wọ́n á fi ọkọ̀ sí jíà, wọ́n á fi igi há táyà. Nǹkan kékeré yìí la fi ń dá ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀.

Ibi tí ó yẹ kí yíyọ dúró tún wà. Irin tó wà nínú ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ ẹlòmíràn má baà wọlé bá awakọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́, tàbí tó yọ àpò afẹ́fẹ́ inú sitiárìn, gbọ́dọ̀ fi àgò irin dípò rẹ̀, kí wọ́n jó o mọ́ inú ọkọ̀, kó fi bẹ́líìtì eré di ara rẹ̀, kó dé akoto. Àgò yẹn á dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn kílò tó yọ padà fún un, ó sì yẹ kó gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ kó má fi ọkọ̀ alágò náà lọ sọ́jà láìdé akoto, torí irin náà sún mọ́ orí rẹ̀ jù. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ti ń rí nǹkan yọ jù, bẹ́ẹ̀ BMW fẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí bátìrì M3 E36 fi wà nínú búùtù. Ẹni tó bá yọ gbogbo ẹ̀yìn tán tí kò kan iwájú á rí i pé ọkọ̀ náà ò fẹ́ yí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. E46, tó tẹ̀ lé E36, ní àìsàn tirẹ̀: irin pẹrẹsẹ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ so rọ̀ sí máa ń là. Àwọn tó ń gbé e lọ sí pápá ń tú gbogbo abẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, wẹ́dà á wá jó irin mìíràn mọ́ ibi tó ń là kó lè nípọn. Ọkọ̀ á wúwo sí i díẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá wọn jà.

Ní Jámánì, èèyàn ò lè kàn ṣe gbogbo èyí kó gba títì lọ. Àwọn ayẹ̀wò bíi TÜV gbọ́dọ̀ yẹ ìjókòó, àgò, ríìmù àti ṣọ́ọ̀kì tuntun wò, kí wọ́n sì kọ wọ́n sínú ìwé ọkọ̀. Ní Britain, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba títì lọ sí pápá ló gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, wọ́n sì ń wọn ariwo rẹ̀ kó tó wọ pápá. Inṣọ́ráǹsì títì kì í sábà bo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Pápá ìsáré Brands Hatch ní Kent ò jìnnà sí ìhà gúúsù ìlà oòrùn London, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, láti Peckham títí dé Thamesmead. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni kó gbé lọ bó ṣe wà. Kó pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, kó kó gbogbo ẹrù inú búùtù sílẹ̀ sílé, kó sì sanwó fún olùkọ́ tó máa jókòó tì í. Kó tó tú bóòtù kan, kó jẹ́ kí olùkọ́ náà sọ ohun tó ń fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ni olùkọ́ á kọ́kọ́ tún ṣe.