Ọmọ Ifẹ̀ nínú Kíláàsì Elédè Faransé: Èdè àti Ẹ̀kọ́ tí Kò Yọ Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀ ní Agbègbè Atakpamé

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 2008, ìjọba Tógò fagi lé owó ilé-ìwé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn kò lágbára àtisan owó náà tẹ́lẹ̀ ló tipa bẹ́ẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ilé tí kò sì gbọ́ èdè onílé, ẹnu ọ̀nà ló ṣì dúró sí. Ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Atakpamé ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Tí a bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ọmọ tó ní ìpèníjà ara ló sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn: ọmọ tí kò ríran, èyí tí kò gbọ́ràn, èyí tí kò lè rìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwé Ìpinnu Salamanca, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìpàdé tí UNESCO àti ìjọba Spéìn pè ní oṣù kẹfà ọdún 1994, kò mọ sí ibẹ̀. Ó ka àwọn ọmọ tí èdè wọn tàbí ẹ̀yà wọn kéré níye mọ́ àwọn tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ gbà tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín kò ju ẹyọ kan lọ. Èdè lè yọ ọmọ sílẹ̀ nínú kíláàsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e jáde. Ìdáhùn mẹ́ta ni a sábà máa ń fún ìṣòro yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì tún ń yọ àwọn ọmọ kan sílẹ̀, nítorí pé a kì í kọ́kọ́ béèrè èdè tí ọmọ náà ń sọ ní ti gidi.

2. Àwọn wo ló wà nínú kíláàsì?

Atakpamé ni olú-ìlú ẹkùn Plateaux. Ó tó ọgọ́jọ kìlómítà sí àríwá Lomé. Àwọn Ifẹ̀, tí àwọn ìwé Faransé kan ń pè ní Ana, wà nínú ìlú náà àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, títí kan òdìkejì ààlà ní ilẹ̀ Benin. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun wọn. Èdè wọn àti Yorùbá jẹ́ ọmọ ìyá.

Wọn kò dá nìkan wà níbẹ̀. Àwọn Akposso wà lórí àwọn òkè ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tó ń sọ Ewe pọ̀ nínú ìlú. Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn Faransé kó ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Kabiyè àti Losso láti àríwá wá tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀nà Sokodé sí Atakpamé, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn sì ń bẹ níbẹ̀ di òní. Nítorí náà, kíláàsì CP1 kan ṣoṣo lè ní ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Ewe, ọmọ Kabiyè àti ọmọ Akposso lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Olùkọ́ tó dúró níwájú wọn lè má gbọ́ ju ọ̀kan lọ nínú àwọn èdè wọ̀nyí, tàbí kó má gbọ́ ọ̀kankan rárá.

3. Ìdáhùn mẹ́ta

3.1 Faransé fún gbogbo ènìyàn

Tógò wà lábẹ́ Jámánì láti 1884 títí di 1914. Nígbà náà, àwọn míṣọ́nnárì Bremen ń fi èdè Ewe kọ́ àwọn ọmọ ní gúúsù, wọ́n sì kọ ìwé nípa girama rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ tí a ń pè ní Tógò lónìí bọ́ sọ́wọ́ Faransé, èdè Faransé sì di èdè ilé-ìwé. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn sọ pé ọgbọọgba ni ó sọ gbogbo ọmọ dà: kò sí èdè abínibí ẹnikẹ́ni tó borí ti ẹlòmíràn.

Ọgbọọgba yìí ní irinṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní « signal ». Èmi náà ti gbé e kọ́rùn rí, ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kan. Igi kékeré tí wọ́n dá ihò sí, tí wọ́n fi okùn bọ̀, ni. Ẹni tó bá sọ èdè ilé ni wọ́n á fi kọ́ lọ́rùn, òun náà á sì máa ṣọ́ ẹni tí yóò gbé e fún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá jáde ni yóò gbálẹ̀. N kò rántí iye ìgbà tí mo gbálẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ẹni tí kò bá lanu rárá kì í gbé igi. Ọmọ Kabiyè kan jókòó tì mí tí kò sọ gbólóhùn kan títí ọdún fi parí. Wọ́n ní kó tún kíláàsì náà ṣe, pé orí rẹ̀ kò pé. Lójú àgbo tí a ti ń ta ayò lẹ́yìn ilé-ìwé, òun ló máa ń ṣírò fún gbogbo wa.

3.2 Èdè ẹkùn

Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ti oṣù karùn-ún ọdún 1975 fẹ́ yí èyí padà. Ó mú èdè Ewe àti Kabiyè wọ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí èdè orílẹ̀-èdè: Ewe fún gúúsù, Kabiyè fún àríwá. Ìrètí wà pé wọn yóò di èdè tí a ó fi máa kọ́ni bó bá yá. Ìgbésẹ̀ ńlá ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, Faransé ṣì ni èdè tí a fi ń kọ́ni, tí a sì fi ń ṣe ìdánwò CEPD ní ìparí ọdún kẹfà.

Ìṣòro tó kan wa jù ni pé máàpù ni wọ́n fi pín èdè, kì í ṣe ẹnu àwọn ọmọ. Lórí máàpù, Atakpamé bọ́ sí apá Ewe. Ọmọ Ifẹ̀ tó ti abúlé wá, tí kò gbọ́ Ewe, ni wọ́n sọ fún pé èdè tirẹ̀ ti wọ ilé-ìwé. Ọmọ Kabiyè tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà náà bá ara rẹ̀ ní apá ibi tí kì í ti í ṣe èdè rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè rẹ̀ jẹ́ èdè orílẹ̀-èdè.

3.3 « Ẹ ṣáà fún wọn ní ìwé Yorùbá »

Àwa tí a ń ṣe ìmọ̀ ẹ̀dá èdè Yorùbá la sábà máa ń mú ìdáhùn kẹta yìí wá. A mọ̀ pé Ifẹ̀ bá Yorùbá tan, pé àwọn onímọ̀ kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn èdè bíi Ìdáàṣà, Ìcà àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin. Àbá wa ni pé kí wọ́n kúkú lo ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn.

Mo ti ju ọmọ ogún ọdún lọ kí n tó ka ìwé Yorùbá àkọ́kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan á dún bí ti ilé wa, èyí tó tẹ̀ lé e á sì rú mi lójú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà tó ti mọ̀wé, kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà yóò ṣe? Ifẹ̀ ní àkọtọ́ tirẹ̀, tó ń lo ɛ àti ɔ bí Ewe àti Kabiyè ṣe ń lò ó, kì í ṣe ẹ àti ọ. Mary Gardner àti Elizabeth Graveling ti gbé ìwé atúmọ̀ èdè kékeré jáde ní Ifẹ̀ àti Faransé ní ọdún 2000. Bí a bá fún ọmọ Ifẹ̀ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, èdè àjèjì kejì ni a fún un. Èyí tilẹ̀ le ju Faransé lọ ní ọ̀nà kan: nítorí pé gbogbo ènìyàn ti gbà pé èdè rẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò ṣe sùúrù fún un bó bá ṣì í.

4. Àṣìṣe kan, orísun tó yàtọ̀

Kí ni ìmọ̀ ẹ̀dá èdè lè ṣe fún olùkọ́? Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn tí a máa ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ọmọ fẹ́ sọ nípa ìyá rẹ̀ pé ó ti dé. Ó ní « il est venu », dípò « elle est venue ». Ọmọ Ifẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Ewe ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Kabiyè náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ á fa ìlà pupa sí abẹ́ gbogbo rẹ̀, á sì ní wọn kò fara balẹ̀.

Àṣìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n orísun rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Nínú Ifẹ̀, bíi ti Yorùbá, ó kan náà ni arọ́pò-orúkọ fún ọkùnrin, obìnrin àti nǹkan. Nínú Ewe, é ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé arọ́pò-orúkọ lè yí padà nítorí irú ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń dúró fún. Èrò tuntun pátápátá ni èyí jẹ́ fún wọn. Ti ọmọ Kabiyè kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè rẹ̀ pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí ìsọ̀rí, arọ́pò-orúkọ sì ń bá ìsọ̀rí náà lọ. Ó ti mọ èrò náà láti ilé. Ohun tó kù fún un ni pé Faransé ń lo akọ àti abo níbi tí èdè tirẹ̀ ti ń lo ìsọ̀rí mìíràn. Ó tilẹ̀ lè tètè gbà ju àwọn yòókù lọ pé tábìlì ní « elle » tirẹ̀, bí a bá fi ohun tó mọ̀ hàn án. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀nà kan náà, yóò sì fi èyí tó ní ìrànlọ́wọ́ lápò ṣòfò.

Òǹkà jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. « Soixante-dix », « quatre-vingts » àti « quatre-vingt-dix » máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Ẹ wo Yorùbá: ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ gan-an ni « quatre-vingts » rí. Ibi tí wọ́n ti yapa ni 70 àti 90. Faransé fi mẹ́wàá kún 60 àti 80. Yorùbá yọ mẹ́wàá kúrò nínú 80 àti 100, ó sì ní àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún. Ọmọ tó bá ti ń ka ogún-ogún nílé ti dé ìdajì ọ̀nà. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi ìyá-ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka iṣu tàbí owó láti ogún dé ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn gbogbo wọn sójú pátákó. Iṣẹ́ ìṣirò ni, iṣẹ́ èdè sì ni. Kò sí ọmọ tí kò ní rí nǹkan mú wá.

5. Ohun tí Ilé-Ifẹ̀ fi hàn

Nígbà tí mo bá sọ èyí ní abúlé, àwọn òbí máa ń bi mí pé: « Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ wa má gbọ́ Faransé ni? » Ìbéèrè tó tọ́ ni. Faransé ló ń gba iṣẹ́ fúnni ní Tógò, àwa tí a sì ti jẹ nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá wọn lóhùn.

Ìdáhùn wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's « A » ní Modákẹ́kẹ́. Ẹgbẹ́ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè. Ẹgbẹ́ kejì fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní 1978, ẹgbẹ́ kìíní kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ṣùgbọ́n a kò lè gbé e bẹ́ẹ̀ wá sí Atakpamé. Ní Modákẹ́kẹ́, Yorùbá ni èdè àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ náà. Ohun tó bá wa mu níbẹ̀ ni ìlànà rẹ̀: kí a fi ohun tí ọmọ gbọ́ kọ́ ọ, kí a sì kọ́ ọ ní èdè kejì gẹ́gẹ́ bí èdè, láìṣe bí ẹni pé ó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́rin ni a dábàá. Àkọ́kọ́, nígbà tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: èdè wo lo ń bá ìyá rẹ sọ, èwo lo ń bá ẹgbẹ́ rẹ ṣeré, èwo lo ń gbọ́ lọ́jà? Orúkọ ẹ̀yà kò lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Èkejì, ní abúlé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Ifẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ ń sọ, kí wọ́n fi àkọtọ́ Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Ẹ̀kẹta, nínú ìlú tí èdè ti pọ̀, kí a gba àwọn ọmọ tó gbọ́ èdè kan náà láàyè láti jọ ṣàlàyé iṣẹ́ fún ara wọn, kí wọ́n tó dáhùn ní Faransé. Kò ná ìjọba ní owó kankan, àyàfi kí a ju igi ọrùn yẹn nù níbikíbi tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ̀kẹrin ni tiwa. Olùkọ́ CP1 kò ní àyè láti ka àpilẹ̀kọ wa lórí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ Kabiyè. Ó lè ka ojú ìwé kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ní ẹ̀ka wa lè kọ ojú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí arọ́pò-orúkọ nínú Ifẹ̀, Ewe, Kabiyè àti Faransé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì gbé e fún olùkọ́ kan kó lò ó. Ibẹ̀ ni a dábàá pé kí á ti bẹ̀rẹ̀.